Hallbera ń Bá Aràn Inú Ẹja Wí

Ọgbọ̀n ọdún ó lé mẹ́rin ni mo fi dúró nídìí tábìlì yìí,
ní etí omi Áísílándì, gíláàsì lójú rẹ̀, iná funfun lábẹ́ rẹ̀,
bí ìgbà tí wọ́n tẹ́ òṣùpá sílẹ̀ kí a lè máa la ẹja lórí rẹ̀.
Ẹja kọ́ọ̀dù ni, èyí tí wọ́n bá sá gbẹ tí í di panla.
Mo tẹ́ ẹran rẹ̀ síwájú iná, ó mọ́ gaara,
mo sì rí ọ,
pupa rúsúrúsú, o ká jọ bí òwú tí abẹ́rẹ́ gbàgbé,
ò ń sùn.

Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà.
Ṣùgbọ́n ìwọ ò tiẹ̀ jọ ẹni tó ń jẹ ẹja. Mo ti wò ọ́ títí.
O kàn wọ inú rẹ̀ bí èrò inú ọkọ̀
tó fi ẹrù ṣe ìrọ̀rí, tí kò bá dírẹ́bà sọ̀rọ̀.

Ẹ̀mú lọ́wọ́ ọ̀tún, ọ̀bẹ lọ́wọ́ òsì.
Fóòmánì ń ka kílò, kì í ka aràn.
Bogumiła tó ti Póláńdì wá, tó dúró lápá òsì mi,
sunkún lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ rí ọ.
Nígbà tó di oṣù kejì, ó ti ń fi ọ́ ṣẹ̀fẹ̀:
ó ní ìwọ nìkan ni kì í san owó orí ní gbogbo etíkun yìí.

Gunnsteinn àbúrò mi kórìíra séàlì.
Ó ní àwọn ló ń gbin ọ́ sómi,
pé ẹyin rẹ ń bá ìgbẹ́ wọn jáde,
edé gbé e mì, ẹja gbé edé mì,
séàlì gbé ẹja mì, ó tún padà sọ́dọ̀ ẹni tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.
Lóṣù kẹta ó gbé ìbọn lọ sórí àpáta,
ó wọ́ akọ ńlá kan wálé lórí yìnyín, ẹ̀jẹ̀ ń tọ̀ ọ́ bọ̀.
Ó ní kí n wá wò ó. Ó la ikùn rẹ̀ nínú gáréèjì.

Ẹgbẹ̀rún. Bóyá jù bẹ́ẹ̀ lọ.
Ìwọ tí mo mọ̀ ní ẹyọ kan, ẹyọ kan,
o ti dàgbà, o ti sanra, o lọ́kọ, o láya,
orí gbogbo yín kọjú sí ògiri kan náà bí ará ilé tó ń jẹun.
Ooru ń rú lára yín sínú òtútù.
Gunnsteinn tutọ́. Èmi ò tutọ́.
Mo dúró bí àlejò tó ṣílẹ̀kùn láìkàn án.

Àṣé ilé nìyí.
Gbogbo àwọn tí mo ti fi ẹ̀mú fà yọ,
ojú ọ̀nà ni wọ́n wà.
Ó ku ẹnu kan ṣoṣo kí wọ́n délé,
ẹnu gbígbóná, onírun létè.
Èmi ni wọ́n bá pàdé.

Má rò pé mo káàánú rẹ o.
Ọdún tí Hálfdan ọkọ mi jẹ ẹ̀dọ̀ ẹja tí kò jinná,
ìwọ lo gé e jẹ nínú ikùn lóru, tó ń yí gbirigbiri nílẹ̀.
Ìwọ náà ti ṣìnà, ò ń gbẹ́ ògiri ilé onílé.
Dókítà fi okùn oníná fà ọ́ gba ọ̀fun jáde,
ó bi í bóyá kí òun jù ọ́ nù.
Hálfdan ní kó dì ọ́ fún ìyàwó òun,
pé obìnrin náà mọ̀ ọ́ ju òun lọ.

Lọ́jọ́ Ajé mo padà sídìí iná.
Ojú mi ti ń ṣú díẹ̀díẹ̀; lálẹ́, nílé,
mò ń rí ọ lára aṣọ tábìlì, nínú wàrà.
Ẹja kejì láàárọ̀, o wà níbẹ̀, o ká jọ.
Mo ní, "Ibo lò ń lọ?"
Bogumiła rò pé òun ni mò ń bá sọ̀rọ̀.
Ó ní, "Ilé. Tó bá di oṣù kẹfà."
Mo fà ọ́ yọ.